Bí Ẹ Ó Ṣe Mọwọ́ Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Sínú Nǹkan Ọkùnrin Yín

Ọjọ́ kẹta tí mo dé láti ilé ìwòsàn, mo dúró ní balùwẹ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, mo gbójú sókè wo àjà, mo ń bu omi sára láìfọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé bí mo bá fọwọ́ kàn án, nǹkan kan á já. Ìyàwó mi gbọ́ pé omi ti dákẹ́, ó kan ilẹ̀kùn: "Bàbá wọn, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Nítorí ẹ̀rù yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú kí nǹkan ọkùnrin le sí lára, bíi tèmi. Dókítà á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, á rán ojú ọgbẹ́, ó parí. Iṣẹ́ tó kù, tiyín ni, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ yín ló gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ náà, débi pé bí wọ́n bá múná lọ lóru, ẹ ó ṣì mọ ibi tí ẹ ó tẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló gbé mi dé ibẹ̀. Ẹlòmíì, iṣẹ́ abẹ prostate ni, ẹṣẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ẹlòmíì, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló mú kí nǹkan rẹ̀ dìde fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìwálẹ̀ nígbà kan, tí ẹran inú rẹ̀ fi bàjẹ́. Kì í ṣe pé aráyé ta wá ní nǹkan. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ló ti rẹ̀, tàbí èyí tó ń jíṣẹ́ fún ara, oògùn oníhóró kò sì ràn án mọ́. Mo mu àgbo jẹ̀dí fún ọdún tó pọ̀ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó là á yé mi tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wà nínú yín

Ọdún 1973 ni Dókítà Brantley Scott ti Houston, ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ròyìn irú ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ó ti pẹ́ lágbo. Èyí tó wọ́pọ̀ ní apá mẹ́ta. Rọ́bà gígùn méjì wà nínú nǹkan ọkùnrin fúnra rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àpò omi kékeré kan wà nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Pọ́ọ̀ǹpù wà nínú àpò ẹpọ̀n, nítòsí wóró méjèèjì. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló so gbogbo wọn pọ̀, omi iyọ̀ mímọ́ ló sì wà nínú wọn, irú èyí tí wọ́n ń fà síni lára nílé ìwòsàn. Bí ẹ bá tẹ pọ́ọ̀ǹpù, omi á kúrò nínú àpò, á lọ sínú rọ́bà méjèèjì, nǹkan á le. Bí ẹ bá tẹ ibi ìtúsílẹ̀, omi á padà sílé rẹ̀.

Irú kan wà tí kò ní àpò omi nínú ikùn, bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ bi dókítà yín èwo ni tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ náà kò yí padà pọ̀ ju ohun tó yí padà lọ. Ìtọ̀ ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí ara ṣe ń mọ adùn tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe máa mọ̀ ọ́n, àtọ̀ tó ń jáde tẹ́lẹ̀ yóò máa jáde, ẹni tó lè bímọ tẹ́lẹ̀ ṣì lè bímọ. Kò ní sọ ọ́ di gígùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Ó lè dà bíi pé ó kúrú díẹ̀ lójú yín ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Orí rẹ̀ kò sì ní le bí ara rẹ̀ yòókù ṣe le. Ẹ tètè mọ èyí kí ọkàn yín má bàa dàrú.

Ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ wálé

Èmi ń bọ̀ láti Ìkẹjà, a gba Ìkòròdú, a já sí Ìtóìkín kí a tó dé Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé gálọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ mú ìrọ̀rí méjì lọ́wọ́: ọ̀kan sábẹ́ ìdí, ọ̀kan láàárín bẹ́líìtì ọkọ̀ àti ikùn. Ẹ bẹ awakọ̀ kó rọra. Ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, àní bó ṣe láti garéèjì dé ẹnu ọ̀nà ilé yín nìkan.

Wọ́n ti máa ń yọ rọ́bà ìtọ̀, èyí tí wọ́n fi sójú ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa dà jáde, kí wọ́n tó dá yín sílẹ̀, lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ lè ta yín díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, ẹ má sùn lé e lórí, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó le jù

Ẹpọ̀n yóò wú, yóò sì dúdú bí ara ẹni tí wọ́n lù. Tèmi wú débi pé ṣòkòtò kan ṣoṣo ló gbà mí. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ ló fà á, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi dídì ló ń ràn án. Bí fíríìjì yín kò bá rí iná lò, ẹ rán ọmọ lọ ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi, ẹ má gbé omi dídì lé awọ lásán, ẹ má sì sùn lọ sí i lára. Ara wa kì í tètè mọ ìgbà tí òtútù bá ń jẹ ẹ́.

Ẹ wọ pátá tó fún ara dáadáa, kí ẹ sì gbé nǹkan náà dojú kọ ìdodo, kì í ṣe sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣe dúró ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni awọ tó ń hù yí i ká yóò ṣe dì í mú. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré sábẹ́ ẹpọ̀n kó lè ga.

Ẹ lo oògùn apakòkòrò tán, kódà bí ara bá ti yá lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má fi oògùn kẹ́místì míì kún un, ẹ má sì fẹnu kan pàrágà tàbí àgbo kankan tí wọ́n ní ó ń wo ọgbẹ́ inú sàn. Ẹ jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, ẹ mu omi dáadáa kí ìgbẹ́ má bàa gan, nítorí fífi agbára yàgbẹ́ lórí ṣáláńgá máa ń ti gbogbo ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ má jẹ́ kí ṣúgà yín ròkè. Mo ń yẹ tèmi wò láràárọ̀, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì dín ẹ̀bà kù fún oṣù méjì gbáko. Kòkòrò fẹ́ràn ṣúgà, ọgbẹ́ tó wà nínú ṣúgà kì í sì tètè jinná.

Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ máa wẹ̀, abọ́ ni kí ẹ máa fi bu omi. Ẹ má jókòó sínú omi, ẹ má wọ ọ̀sà. Ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbọ̀n ẹja ní ọjà Olúwo, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí le: ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni kí ẹ má fi wa ọkọ̀, kí ẹ má fa àwọ̀n, kí ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Bí ẹ bá gbé ẹrù tó wúwo, àpò omi inú ikùn lè yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ wá ẹni tó máa dúró fún yín kí ẹ tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé.

Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ó bá rọrùn, ẹ ní ara yín kò tíì le. Àgbà tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ á ní kí ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ jókòó lórí àga kí ẹ kí i. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ wá kí yín ńkọ́? Ilé wa kún fún wọn. Èmi sọ pé iṣẹ́ abẹ ìsàlẹ̀ ikùn ni, mo sì dákẹ́. Òótọ́ ni, ó sì tó. Ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyàwó yín àti dókítà yín.

Àmì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sùn lé lórí

Ibà tàbí òtútù tó ń gbọ̀n yín. Ìrora tó ń dínkù tẹ́lẹ̀ tó wá ń pọ̀ sí i. Ọyún tàbí omi tó ń rùn láti ojú ọgbẹ́. Awọ ẹpọ̀n tó pọ́n, tó gbóná, tó sì lẹ̀ mọ́ pọ́ọ̀ǹpù débi pé pọ́ọ̀ǹpù kò ṣeé sún kúrò lójú kan mọ́. Rọ́bà tí ẹ bá rí tó fẹ́ yọjú láti abẹ́ awọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kí ẹ kọrí sí lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kòkòrò bá ti wọ ara ẹ̀rọ náà, oògùn nìkan kì í sábà lè lé e jáde. Wọ́n máa ń yọ ẹ̀rọ ni, nígbà míì wọ́n á fọ ibẹ̀ tí wọ́n á sì fi tuntun sí i. Ẹ tètè lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ gún ibi tó wú fún yín láti fa omi rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lè lu rọ́bà náà.

Pọ́ọ̀ǹpù: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó wà

Kí ẹ tó lè lò ó rárá, iṣẹ́ kékeré kan wà. Nígbà tí dókítà bá gbà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rọra fa pọ́ọ̀ǹpù náà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nígbà tí ẹ bá ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn fà á wálẹ̀, ẹ dì í mú díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ara máa ń hun awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ohunkóhun tó bá bá nínú ká. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá sá sókè ní àkókò yìí, òkè yẹn ni awọ á dè é mọ́, ọwọ́ yín á sì máa wá a kiri títí ayé.

Ibí yìí ni ẹ̀rù mi ti tú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fà á, ó dùn mí díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti mọ ìrísí rẹ̀ bí mo ṣe mọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi nínú àpò. Ó dà bíi wóró kẹta, ó kàn le díẹ̀ ju méjì yòókù lọ.

Ìdí kan náà ni wọn kì í fi í jẹ́ kí ẹ fún un, ìyẹn ni pé kí ẹ tẹ pọ́ọ̀ǹpù kí nǹkan lè le, ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ kí àpò omi inú ikùn wà ní kíkún nígbà tí awọ ń hù yí i ká, kí àyè rẹ̀ lè tó o. Bí àyè náà bá kéré, awọ á máa tẹ àpò náà, nǹkan á sì máa dìde díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ ohunkóhun.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún yín

Ọjọ́ tí wọ́n á kọ́kọ́ gbà yín láyè láti lo ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ó máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ mú ìyàwó yín dání. Mo tún un sọ: ẹ mú un dání. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi sọ fún mi pé, "Dádì, ọwọ́ méjì ló mọ̀ ọ́n ju ọ̀kan lọ," mo sì rí i pé òótọ́ ni. Ẹ lo oògùn ìrora tí wọ́n fọwọ́ sí ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, nítorí ó máa ń dùn ní ìgbà àkọ́kọ́.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ rí i pé ibẹ̀ kò tutù, nítorí bí òtútù bá mú awọ ẹpọ̀n, ó máa ń ká jọ, pọ́ọ̀ǹpù á sì sá sókè. Ẹ fi ìka wá a. Ẹ fi ọwọ́ kan di okùn rọ́bà tó wà lókè rẹ̀ mú kó má bàa yọ̀ lọ. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì tẹ apá rọ̀bọ̀tọ̀ tó rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi wọlé pátá, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ dúró kó kún padà kí ẹ tó tún tẹ̀. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le, ẹ má bẹ̀rù, ẹ tẹ̀ ẹ́ gírí. Lẹ́yìn ìyẹn á rọ̀. Ẹ máa tẹ̀ títí nǹkan á fi le tó, tí apá rọ̀bọ̀tọ̀ náà á fi ṣòro tẹ̀. Iye ìgbà yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì.

Bí ìrora bá gbéra dé ikùn yín lójijì, wóró ẹpọ̀n ni ẹ di mú. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tún wá a.

Láti tú u sílẹ̀, ẹ wá apá tó le tó wà lókè apá rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ka oókan dé ẹẹ́rin, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ti ẹ̀rọ míì kò tó bẹ́ẹ̀, dókítà á sọ tiyín. Lẹ́yìn náà ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra fún nǹkan náà láti òkè lọ sí ìdí, kí omi lè padà sínú àpò. Ìtúsílẹ̀ yìí ló fún mi níyọnu jù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìka mi fi ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì náà lórí fóònù, ó ní kí n fi aṣọ gbígbẹ nu ọwọ́ mi, kí n sì lo ìka méjì ní ìhà kejì láti fi gbé e ró. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà láìṣe pé ẹ̀yin fúnra yín ti fún un, tí ẹ sì ti tú u, lójú wọn.

Ìdánrawò nílé

Wọ́n ní kí n máa fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí n fi í sílẹ̀ ní líle fún ìṣẹ́jú 15, kí n tó tú u. Ti ẹlòmíì lè yàtọ̀; ohun tí dókítà yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìdánrawò yìí ló ń na awọ inú kó má bàa há rọ́bà náà mọ́. Àwọn kan ń ṣe é fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń rí i pé ó ń kún dáadáa sí i. Mo ń ṣe tèmi lẹ́yìn ìrun àárọ̀ àti kí n tó sùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta ìdánrawò, mo pa iná, mo ṣe é nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin àti ìyàwó yín

Ẹ má ṣe é lóru kan lójijì kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ya obìnrin lẹ́nu. Fún ọdún mẹ́ta ṣáájú, èmi àti ìyàwó mi ń sùn bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ń bínú láìnídìí, òun náà rò pé mo ní ẹlòmíì níta. Nígbà tí mo sọ òtítọ́ fún un, ó sunkún, ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé e rù látọjọ́ yìí?" Láti ọjọ́ yẹn ni ìwòsàn mi ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi.

Nígbà tí dókítà gbà wá láyè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìbéèrè ìyàwó mi ni pé, "Ṣé mi ò ní bà á jẹ́?" Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi pọ́ọ̀ǹpù hàn án. Òun ló fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ náà ń fúnni ní líle. Kì í fúnni ní ìfẹ́ ọkàn. Ọ̀rọ̀ dídùn, eré àti ìfọwọ́kanra ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ ra jẹ́ẹ̀lì olómi ní ilé oògùn, pàápàá bí nǹkan oṣù ìyàwó yín bá ti dáwọ́ dúró, nítorí ojú ara tó gbẹ yóò ta á, orí nǹkan tí kò le púpọ̀ yóò sì máa ṣòro wọlé. Ẹ fún un kó le tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó le dé ìdajì lè tẹ̀ kó sì yọ̀, ìyẹn sì léwu fún rọ́bà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ wà lókè, kí ẹ lè mọ bí agbára ṣe ń lọ. Ẹ rọra. Bí ẹ bá parí, ẹ tú u. Ẹ má sùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀ ní líle.

Kò ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrùn, kò sì ní dènà oyún. Ẹni tó bá ń lo rọ́bà ìdáàbòbò tẹ́lẹ̀, kó máa lò ó lọ.

Ẹ má sì tún gba abẹ́rẹ́ sí nǹkan ọkùnrin láé, irú èyí tí àwọn kan ń lò kí ó lè dìde. Ẹ fi mánpáwà sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tó fẹ́ ṣe fún yín mọ́.

Fún ọdún tó ń bọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ń lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́. Bí omi rẹ̀ bá jò, omi iyọ̀ lásán ni, ara á fà á mu. Ohun tí ẹ ó rí ni pé kò le mọ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò sí ìpadà sẹ́yìn: bí wọ́n bá yọ ọ́ láìfi òmíràn sí i, ara kò ní lè dìde fúnra rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ilé ìwòsàn yòówù kí ẹ dé, ẹ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́bà ìtọ̀ sí yín, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà ní títúsílẹ̀, kí ẹni tó máa fi í sí sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá tàbí ti ikùn, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àpò omi kan wà nísàlẹ̀ ikùn kí abẹ rẹ̀ má bàa kàn án. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní káàdì kékeré kan tí orúkọ ẹ̀rọ àti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà lórí rẹ̀. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ béèrè. Tèmi wà nínú pọ́ọ̀sì mi, lẹ́yìn káàdì ìdánimọ̀. Ìyàwó mi sì ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù tirẹ̀, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n gbé mi délé ìwòsàn tí mi ò lè sọ̀rọ̀.